Bí A Ṣe Ń Gba Oyè Gíga Nínú Saikọ́lọ́jì Ìtọ́jú Pẹ̀lú Ẹ̀kọ́ Ìsìn: Ìlànà fún Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Ẹ̀kọ́ méjì ni ọ̀rọ̀ yìí. Saikọ́lọ́jì ìtọ́jú ní ìlànà ìgbaniwọlé tirẹ̀, wákàtí ìkọ́ṣẹ́ tirẹ̀ àti ìwé àṣẹ tirẹ̀. Ẹ̀kọ́ ìsìn náà ní tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ díẹ̀ wà tó kó méjèèjì sábẹ́ òrùlé kan. Nílé níbí, akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló máa so wọ́n pọ̀. Ìdí nìyẹn tí ètò fi ṣe pàtàkì ju ìtara lọ: èwo lẹ máa kọ́kọ́ kà, níbo, ta ló máa fọwọ́ sí i, ibo lẹ sì fẹ́ ti ṣiṣẹ́ bí ẹ bá parí? Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ mú ibi tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ kẹ́yìn, kí ẹ máa ti ibẹ̀ padà bọ̀ wá sórí fọ́ọ̀mù tí ẹ fẹ́ rà.

Bí ẹ kò bá mú ju ohun kan lọ nínú gbogbo ohun tí a kọ síhìn-ín, ẹ mú èyí: ẹ fi saikọ́lọ́jì ṣáájú. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ló dín. Sẹ́mínárì máa ń fi tọwọ́tẹsẹ̀ gba ẹni tó ti ní oyè saikọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ẹ̀ka saikọ́lọ́jì ìtọ́jú kì í sábà gba ẹni tí oyè ẹ̀kọ́ ìsìn nìkan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ kì í pàdánù gbogbo rẹ̀, àmọ́ ọdún méjì sí mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fi kún ìrìn àjò náà.

Irú iṣẹ́ wo lẹ fẹ́ ṣe gan-an?

Mẹ́rin ni àwọn tí aráàlú máa ń pa pọ̀. Dókítà ọpọlọ kọ́ ìṣègùn parí kó tó lọ kọ́ṣẹ́ nípa àrùn ọpọlọ. Òun ló ń kọ oògùn. Onímọ̀ saikọ́lọ́jì ìtọ́jú kì í kọ oògùn ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi àwọn ìdánwò tí a ti yẹ̀ wò fínnífínní mọ ohun tó ń ṣe ènìyàn, kó sì fi ìjókòó ìtọ́jú, èyí tó ní ìlànà àti òpin, tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ìbẹ̀rù tí kò lọ, ọgbẹ́ ọkàn lẹ́yìn ìjàm̀bá, àti àṣìlò oògùn olóró. Olùdámọ̀ràn ń ran akẹ́kọ̀ọ́, tọkọtaya àti òṣìṣẹ́ lọ́wọ́. Oyè Guidance and Counselling ló sábà máa ń ní. Ẹ̀kẹrin ni pásítọ̀ tàbí àáfà tó ń tọ́jú ìjọ, tàbí tó ń ṣe àbẹ̀wò sí ilé ìwòsàn.

Yunifásítì Ìlọrin ní ẹ̀ka Counsellor Education tó ń fúnni ní oyè kejì àti oyè ọ̀mọ̀wé, èyí sì dára púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ jẹ́ olùdámọ̀ràn. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹnì kan gba M.Ed., ìyẹn oyè kejì nínú ètò ẹ̀kọ́, níbẹ̀, kó máa rò pé òun ti di onímọ̀ saikọ́lọ́jì ìtọ́jú. Ilé ìwòsàn tó bá kọ M.Sc. Clinical Psychology (oyè kejì nínú saikọ́lọ́jì ìtọ́jú) sínú ìpolówó iṣẹ́ kò ní fi M.Ed. rọ́pò rẹ̀, bí olúwarẹ̀ ti wù kó mọ iṣẹ́ tó. Bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ tọkọtaya àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló wà lọ́kàn yín, tí ẹ kò sì fẹ́ ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, M.Ed. pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìsìn lè tó yín, owó àti àkókò tó máa ná yín á sì kéré. Ẹ sọ òtítọ́ fún ara yín lórí èyí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

Oyè kejì nílé: ohun tí wọ́n máa bi yín

Láti Ìlọrin, ọ̀kan nínú àwọn ibi tó sún mọ́ni tí orúkọ rẹ̀ ti pẹ́ lórí M.Sc. Clinical Psychology ni Yunifásítì Ìbàdàn. Yunifásítì Èkó náà ń ṣe é. Ohun tí àwọn ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè kò yàtọ̀ síra púpọ̀:

- Kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC tàbí NECO, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú rẹ̀. Ìṣirò yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ àwọn tó ka ẹ̀kọ́ ìsìn dúró, torí kò pọn dandan fún wọn nígbà oyè àkọ́kọ́. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún yìí, kó tó kan ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù rárá.
- Oyè àkọ́kọ́ nínú saikọ́lọ́jì, ó kéré tán Second Class Lower. Ẹ má fi ọkàn sí ipele tó kéré jù yìí: ibi tí àwọn tó ń wá àyè bá ti pọ̀, Second Class Upper ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wò.
- Transcript, ìyẹn ìwé tó kó gbogbo máàkì yín jọ, tí ilé-ẹ̀kọ́ yín fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín kò tó.
- Ìwé NYSC: ti ìparí ìsìnlú, tàbí ti ìdásílẹ̀ fún ẹni tó ti lé ní 30 ọdún kó tó gboyè.
- Lẹ́tà ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ènìyàn mẹ́ta.

Nígbà míràn, ìdánwò ìwọlé tàbí ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò máa ń tẹ̀lé e. Ohun tí wọ́n ń wá níbẹ̀ ni bóyá ẹ mọ statistics (ìmọ̀ ìṣirò dátà), bóyá ẹ lè ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín àìsàn méjì tó jọra, àti bóyá ẹ lè jókòó ti ènìyàn tó ń jìyà láì sáré dá a lóhùn. Onígbàgbọ́ tó gbóná máa ń ṣubú nídìí ẹ̀kẹta yìí. Wọ́n á fi àpẹẹrẹ aláìsàn kan lélẹ̀, òun á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù. Ẹ kọ́ láti béèrè ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó dá àbá kan ṣoṣo: láti ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀? Báwo ni oorun, oúnjẹ àti iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí báyìí? Ǹjẹ́ ó ti rò ó rí pé kí òun pa ara òun? Ìbéèrè kẹta yìí kì í gbé èrò burúkú sí ènìyàn lọ́kàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń ṣí ilẹ̀kùn tí aláìsàn ti ń wá ẹni tó máa bá òun ṣí i.

Lórí ìwé, ọdún kan àbọ̀ sí méjì ni M.Sc. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ àti ìfàsẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí máa ń sọ ọ́ di mẹ́ta, nítorí náà ẹ má ṣe ṣírò owó ọdún méjì nìkan. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni àìsàn ọkàn àti bí a ṣe ń dá a mọ̀, ìdánwò ọpọlọ àti ti ìwà, ìlànà ìtọ́jú, ọ̀nà ìwádìí, òfin ìwà ọmọlúàbí iṣẹ́ náà, ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn, àti ìwé àpilẹ̀kọ. Ní Ìbàdàn, máàkì másítà yín gbọ́dọ̀ dé 60 nínú 100 kí ọ̀nà oyè ọ̀mọ̀wé tó là tààrà. Ẹni tó ní 57 gboyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ti fi ọdún kún ọ̀nà ara rẹ̀. Ẹ rántí èyí láti sáà àkọ́kọ́, torí máàkì statistics tó bá bàjẹ́ ní sáà àkọ́kọ́ kì í rọrùn láti gbé dìde.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ìsìn lẹ kọ́kọ́ kà

Ọ̀nà méjì tó dájú ló wà. Èkínní ni kí ẹ gba ọ̀nà Direct Entry ti JAMB wọlé sí saikọ́lọ́jì ní ipele 200, kí ẹ fi ọdún mẹ́ta gba oyè àkọ́kọ́ míràn. Ó gùn, àmọ́ kò sí ẹ̀ka tó lè bá yín jiyàn lé e lórí. Èkejì ni díplómà lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ nínú saikọ́lọ́jì, èyí tí ènìyàn lè fi ọdún kan parí. Ewu ibẹ̀ ni pé ẹ̀ka kan lè gba díplómà náà fún másítà saikọ́lọ́jì lásán, kó má gbà á fún ti ìtọ́jú. Kí ẹ tó san owó díplómà, ẹ kọ ímeèlì sí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ lọ fún másítà: «Mo ní B.A. Christian Studies. Bí mo bá fi díplómà saikọ́lọ́jì kún un, ǹjẹ́ mo lè béèrè fún M.Sc. Clinical Psychology lọ́dọ̀ yín?» Ẹ tọ́jú èsì wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́nu géètì kò lè dúró fún yín níwájú ìgbìmọ̀ ìgbaniwọlé.

Bí ó ti wù kó rí, àwọn kọ́ọ̀sì mẹ́fà ni ìgbìmọ̀ máa wá kiri nínú transcript yín: statistics, ọ̀nà ìwádìí, saikọ́lọ́jì àìsàn ọkàn, ìdàgbàsókè ọmọ ènìyàn, ẹ̀kọ́ nípa ìwà àti ànímọ́, àti bí a ṣe ń ṣe ìdánwò saikọ́lọ́jì. Ẹ mú bírò, kí ẹ sàmì sí èyí tí ẹ ní. Ohun tí ẹ kò bá sàmì sí ni iṣẹ́ tó kù.

Ẹ̀kọ́ ìsìn: kò jìnnà sílé

Kwara dára fún èyí. Sẹ́mínárì ECWA wà ní Ìgbájà. UMCA Theological College wà nínú Ìlọrin fúnra rẹ̀. Ẹ bá gba ọ̀nà Ìbàdàn, ẹ ó kan Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí sẹ́mínárì àwọn Onítẹ̀bọmi ti wà láti ọdún 1898. Ẹ̀ka Religions ní Yunifásítì Ìlọrin sì ń fúnni ní oyè kejì nínú ẹ̀kọ́ Kristẹni àti ti Ìsìláàmù, èyí tó bá ìlú wa mu gan-an. Ọmọlẹ́yìn Kristi àti Mùsùlùmí ló máa jókòó síwájú yín gẹ́gẹ́ bí aláìsàn. Ẹni tó máa ṣiṣẹ́ láàárín Ọjà Ọba àti Tankẹ́ láì mọ ohun tí àwọn méjèèjì gbà gbọ́ nípa ìdánwò, kádàrá, ẹ̀mí òkùnkùn àti ìwòsàn yóò máa ṣi ọ̀rọ̀ aláìsàn gbọ́.

Ẹ yàn láàárín oyè ẹ̀kọ́ ìsìn méjì, M.A. àti M.Div. M.A. ṣe ṣókí, ìwádìí ló sì dojú kọ. M.Div. ni ti ẹni tó fẹ́ jẹ́ òjíṣẹ́ tí a fi àmì òróró yàn: Májẹ̀mú Láéláé àti Tuntun, ìtàn ìjọ, ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, ìwàásù, ìtọ́jú ìjọ, àti èdè Hébérù tàbí Gíríìkì níbòmíràn. Láti mọ bó ti wúwo tó, àjọ tó ń fọwọ́ sí sẹ́mínárì ní Amẹ́ríkà kò gbà kó dín ní yúnìtì 72. Èrò tiwa ni pé ẹni tó fẹ́ fi saikọ́lọ́jì jẹun kò nílò M.Div. M.A. tí ìtọ́jú ìjọ àti ìwà ọmọlúàbí ti pọ̀ nínú rẹ̀ ti tó. Ẹ fi M.Div. sílẹ̀ fún ẹni tí ìjọ rẹ̀ ń dúró dè láti yàn.

Mùsùlùmí tó ń ka èyí, ẹ má rò pé ọ̀nà náà kò kàn yín. Abu Zayd al-Balkhi, onímọ̀ Mùsùlùmí kan, ti kọ̀wé nípa ìbẹ̀rù, ìbínú àti ìbànújẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fẹ́ ìtọ́jú, ó sì ti lé ní 1,000 ọdún báyìí. Ní ayé tiwa, Malik Badri, ọmọ Sudan tó kú lọ́dún 2021, fi gbogbo ayé rẹ̀ so saikọ́lọ́jì mọ́ ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù. Èdè Lárúbáwá tí ẹ ti kọ́ nílé kéú jẹ́ èrè ńlá nínú iṣẹ́ ìwádìí, ẹ má fi pamọ́ nínú ìwé ìbéèrè yín.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ọ̀pọ̀ yunifásítì kò fàyè gba kí ènìyàn forúkọ sílẹ̀ fún ètò alákòókò kíkún méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n bá rí i, ọ̀kan máa bọ́, ó sì lè jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́ràn jù. Ẹ mú M.Sc. ní alákòókò kíkún, kí ẹ sì mú ẹ̀kọ́ ìsìn ní ti ìgbà ìsinmi tàbí ti alákòókò díẹ̀, tàbí kí ẹ ṣe wọ́n tẹ̀lé ara wọn.

Fọ́ọ̀mù, lẹ́tà ẹ̀rí, àti àlàyé ìdí

Transcript ló ń ba ètò jẹ́ jù. Ẹ béèrè fún un ó kéré tán oṣù mẹ́fà ṣáájú ọjọ́ ìparí, kí ẹ gba nọ́ńbà ìbéèrè yín, kí ẹ sì máa tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ méjìméjì. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá orúkọ yín bára mu nínú ìwé WAEC, oyè, NYSC àti páspọ́ọ̀tù. Ẹni tí ń jẹ́ Àbíkẹ́ níhìn-ín tó wá di Abike Mary lọ́hùn-ún máa nílò ìwé ẹ̀jẹ́ láti kóòtù, ìyẹn náà sì ń gba àkókò.

Lẹ́tà mẹ́ta: ẹ jẹ́ kí olùkọ́ tó kọ́ yín ní yunifásítì kọ méjì, kí ẹni tó bójú tó iṣẹ́ yín kọ ẹ̀kẹta, ì báà jẹ́ ní ilé ìwòsàn, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìjọ. Lẹ́tà mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ pásítọ̀ mẹ́ta kò lè gbé yín wọ ẹ̀ka saikọ́lọ́jì. Ẹ fún ẹni tó ń kọ lẹ́tà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí ẹ fún un ní transcript yín àti orí ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ ṣèwádìí lé lórí, torí lẹ́tà tí kò sọ ohun kan pàtó nípa yín kò wúlò.

Àlàyé ìdí tí ẹ fi fẹ́ wọlé kì í ṣe ìjẹ́rìí. Ìgbìmọ̀ kò fẹ́ mọ ọjọ́ tí Ọlọ́run pè yín. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè ronú bí onímọ̀. Ìpínrọ̀ mẹ́rin tó: ìṣòro kan tí ẹ fẹ́ lóye, kí ẹ sọ ọ́ ní ṣókí láì dárúkọ ẹnikẹ́ni; ohun tí ẹ ti kà àti ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́; ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀ka yìí àti olùkọ́ wo nínú rẹ̀; bí ìgbàgbọ́ yín ṣe wọ inú iṣẹ́ náà, àti ibi tí ẹ ti máa fi ààlà sí i. Ìpínrọ̀ kẹrin ni wọ́n máa kà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ẹ bá kọ síbẹ̀ pé àdúrà nìkan ló ń wo wèrè sàn, ẹ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín. Bí ẹ bá sì kọ pé ìgbàgbọ́ aláìsàn kò ṣe pàtàkì, ẹ ti sọ ìdí tí ẹ fi wá nù. Orílẹ̀-èdè yìí ní àpẹẹrẹ tó dára: ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àró, Abẹ́òkúta, láti ọdún 1954, dókítà ọpọlọ Adeoye Lambo jẹ́ kí àwọn aláìsàn gbé pẹ̀lú ẹbí wọn lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ó sì bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́, láì fi ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀.

Ìkọ́ṣẹ́: ibi tí wákàtí ti ń sọnù

Ìkọ́ṣẹ́ ló ń sọ ìwé di iṣẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka yín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: wákàtí mélòó la nílò, níbo ni wọ́n ti gbà wá, ta ló lè fọwọ́ sí i? Ilé ìwòsàn ńlá bíi UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, tàbí Àró máa ń béèrè lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka yín kí wọ́n tó gbà yín. Ẹ kọ ọ́ ṣáájú, torí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn àti ti nọ́ọ̀sì náà ń wá àyè.

Ẹ ṣí ìwé wákàtí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní déètì, wákàtí tí ẹ fi jókòó pẹ̀lú aláìsàn, wákàtí tí ẹ fi ṣe ìdánwò àti kíkọ àbájáde, wákàtí tí ẹ lò pẹ̀lú alábòójútó, irú ìṣòro tó jẹ́, àti àyè ìbuwọ́lùwé. Orúkọ aláìsàn kì í wọ inú rẹ̀. Ẹ lo nọ́ńbà. Ẹ gba ìbuwọ́lùwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó dúró di òpin ọdún lè rí i pé wọ́n ti gbé alábòójútó rẹ̀ lọ sí ìlú míràn tàbí pé ó ti fẹ̀yìn tì, wákàtí tí kò bá sì ní ìbuwọ́lùwé kò sí. Ẹ má ka ìgbaninímọ̀ràn nínú ìjọ mọ́ ọn, àyàfi bí ẹni tó ní oyè saikọ́lọ́jì ìtọ́jú bá ń bójú tó o tí ẹ̀ka sì ti fọwọ́ sí i ṣáájú.

Ohun mẹ́ta ló máa ń dààmú àwọn onísìn nínú ìkọ́ṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìjọ kan náà: ẹ kò gbọdọ̀ tọ́jú ẹni tí ẹ jọ ń kọrin nínú kúáyà, tàbí tí ẹ jẹ́ pásítọ̀ fún, torí ohun tó sọ lórí àga ìtọ́jú á máa wo ojú yín lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ìkejì ni àdúrà. Aláìsàn ló lè béèrè rẹ̀. Ẹ kì í fi lélẹ̀ fún un. Bó bá béèrè, ẹ bá alábòójútó sọ ọ́, kí ẹ kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìjókòó. Ìkẹta ni àṣírí. Nínú ìjọ, a máa ń sọ ọ̀rọ̀ ẹni fún àwọn alàgbà kí wọ́n lè gbàdúrà; nínú ìtọ́jú, èyí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ibi tí àṣírí ti ń tán ni ibi tí ẹ̀mí ti wà nínú ewu, ẹ sì gbọdọ̀ sọ èyí fún aláìsàn ní ìjókòó àkọ́kọ́. Ẹ ka òfin ìlera ọpọlọ tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2023; ó sọ nípa ẹ̀tọ́ aláìsàn àti bí a ṣe lè gbà á sílé ìwòsàn.

Ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà ẹ̀kọ́ ìsìn lè fi ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn àlùfáà nílé ìwòsàn kún un, èyí tí Anton Boisen bẹ̀rẹ̀ ní Worcester ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1925, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ aláìsàn ọpọlọ. Ẹyọ kan nínú ètò náà níbẹ̀ jẹ́ 400 wákàtí, ó kéré tán 100 nínú rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ àti ìjíròrò. Kò lè rọ́pò ìkọ́ṣẹ́ saikọ́lọ́jì, ṣùgbọ́n ó ń kọ́ ènìyàn láti jókòó ti aláìsàn láì sá.

Ìwé àpilẹ̀kọ

Ibí ni ẹ̀kọ́ méjèèjì ti ń pàdé. Ẹ yan ìbéèrè tí a lè wọ̀n. «Ipa ẹ̀sìn lórí ìlera ọkàn» fẹ̀ jù. «Ṣé àwọn tó rò pé Ọlọ́run ń fi àìsàn jẹ àwọn níyà máa ń ní ìrẹ̀wẹ̀sì jù lọ láàárín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin?» ṣeé ṣe. Fún irú èyí, ìwé ìbéèrè Brief RCOPE ti onímọ̀ saikọ́lọ́jì Kenneth Pargament wà: ìbéèrè 14, méje fún bí ẹ̀sìn ṣe ń gbé ènìyàn ró, méje fún bó ṣe ń di ìjàkadì mọ́ ọn lọ́rùn. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ìdánwò bó bá pọn dandan. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti Gẹ̀ẹ́sì dá a padà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ fi méjèèjì wéra, kí ẹ sì dán an wò lọ́wọ́ ènìyàn díẹ̀. Èdè Ìgbómìnà àti ti Ìlọrin ní ọ̀rọ̀ tó yàtọ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn nígbà ìdánwò náà. Ọ̀dẹ orí, tí aláìsàn máa ń sọ pé nǹkan ń rìn lórí òun, náà jẹ́ kókó tó yẹ kí ọmọ Yorùbá ṣèwádìí lé lórí.

Ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iṣẹ́ náà kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní ìwé ìbéèrè. Dátà tí ẹ kó ṣáájú ìwé ìyọ̀ǹda kò ṣeé lò, ẹ ó sì tún un kó. Ẹ fi oṣù méjì sí mẹ́ta sílẹ̀ fún un nínú ètò yín.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó so méjèèjì pọ̀ ní Amẹ́ríkà

Fuller ní Pasadena, Rosemead nínú Biola, Wheaton, Regent àti George Fox ni orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tó máa kọ́kọ́ jáde. Kókó tó yẹ kẹ́ ẹ wò ni ìfọwọ́sí APA, àjọ àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì níbẹ̀. Ìfọwọ́sí ti ilé-ẹ̀kọ́ lápapọ̀ tàbí ti sẹ́mínárì kò tó. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń polówó «Doctor of Christian Psychology» tàbí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá sí nínú àkójọ APA, kò ní gbé yín dé ibi ìwé àṣẹ.

Oyè ọ̀mọ̀wé méjì ló wà, Ph.D. àti Psy.D., wọ́n sì yàtọ̀. Ph.D. fi ìwádìí àti ìtọ́jú ṣe ẹgbẹ́ra, a sì máa ń rí ìrànwọ́ owó níbẹ̀ jù; Psy.D. dojú kọ ìtọ́jú, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì sábà máa ń san owó rẹ̀. Ẹ ka ọdún márùn-ún sí mẹ́fà fún èyíkéyìí nínú wọn, torí ẹ̀kọ́ ìsìn wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. APA ń béèrè ó kéré tán ọdún mẹ́ta ẹ̀kọ́ alákòókò kíkún ṣáájú ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ àṣekágbá. Wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn ìbéèrè láàárín oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní, fún ìwọlé oṣù Kẹjọ tàbí Kẹsàn-án. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ wọlé lẹ́yìn ọdún kan gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ transcript rẹ̀ lónìí.

Ọdún ìkọ́ṣẹ́ àṣekágbá ni ibi tí àlejò ti ń kọsẹ̀. APPIC, àjọ tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́ yìí, ló ń ṣètò rẹ̀ nípa ìsopọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ àti ilé ìwòsàn. Àwọn ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì, tí wọ́n pọ̀ nínú ètò náà, ọmọ Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń gbà. Ẹ yọ wọ́n kúrò nínú àkójọ yín kí ẹ má fi owó ṣòfò. Lẹ́yìn náà, ìwé àṣẹ iṣẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nígbà ẹ̀kọ́, tí a ń pè ní CPT: bí ẹ bá lò ó ní alákòókò kíkún fún oṣù 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ti pàdánù OPT ti ipele oyè náà, ìyẹn àǹfààní láti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ọdún ìkọ́ṣẹ́ jẹ́ oṣù 12 gan-an. Ẹ bá òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè sọ ọ́ ní ọdún kẹta, kí ẹ tó forúkọ sílẹ̀ fún ìsopọ̀ náà. Òfin físà fún ọmọ Nàìjíríà ń yí padà lóòrèkóòrè, nítorí náà ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó san owó ìbéèrè kankan.

Ìwé àṣẹ wá tẹ̀lé e. Ìdánwò EPPP, tí àwọn onímọ̀ saikọ́lọ́jì ń ṣe kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ, ní ìbéèrè 225, 175 nínú wọn ni wọ́n ń ka máàkì rẹ̀. 500 lórí òṣùwọ̀n tiwọn ni wọ́n ń wá ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. California ń béèrè 3,000 wákàtí lábẹ́ alábòójútó, ó kéré tán 1,500 nínú rẹ̀ lẹ́yìn oyè.

Ẹni tó bá fẹ́ padà sílé, kó gbé ìwé oyè rẹ̀ lọ sí ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ ní Àbújá fún àyẹ̀wò, pẹ̀lú transcript, ìwé ìfọwọ́sí ilé-ẹ̀kọ́, àti lẹ́tà tó fi hàn pé ọdún ìkọ́ṣẹ́ náà parí. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yìí kì í wà nínú ìwé oyè. Ẹ gbà á lọ́wọ́ olùdarí ìkọ́ṣẹ́ yín, kí ó ní òǹtẹ̀ àti iye wákàtí, kí ẹ tó kúrò ní ìlú náà.